Dúrọ́ọ̀mù tàbí Dísìkì Lẹ́yìn Ọkọ̀ Kékeré: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Ń Ronú Àtipààrọ̀ Bíréèkì

Ní ọgbà mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa Toyota Corolla ọdún 2004 wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí èmi náà gbé ọkọ̀ tèmi lọ síbẹ̀ fún àtúnṣe. Ó kí bàbá tí ó ni ọgbà náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì sọ ohun tí ó bá wá: "Bàbá, bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kò mú rárá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ dúrọ́ọ̀mù yẹn dànù, kí ẹ fi dísìkì sí i." Bàbá kò kọ́kọ́ dáhùn. Ó jẹ ẹ̀kọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wá bi í pé: "Ọmọ mi, ìgbà wo ni o ti rí inú rẹ̀ kẹ́yìn?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ọjọ́ tí ó ti ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ibẹ̀ wò.

Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wọ́n yọ táyà. Dúrọ́ọ̀mù náà ti lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, irin àárín tí à ń de táyà mọ́, pinpin. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbé òòlù, ṣùgbọ́n bàbá dá wọn dúró, ó mú bóòtù méjì tí ó jẹ́ mìlímítà 8, ó fi wọ́n sí inú ihò kékeré méjì tí Toyota dá sí ojú dúrọ́ọ̀mù fún irú iṣẹ́ yìí gan-an, bí ó sì ti ń de èyí díẹ̀ tí ó ń de ìkejì díẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù ń sún jáde láìsí ariwo. Eruku dúdú kún inú rẹ̀. Irin kékeré eléyín bí ìràwọ̀, èyí tí ó yẹ kí ó máa ti láínìn, ohun tí ń ha ara dúrọ́ọ̀mù láti dá a dúró, sún mọ́ ọn bí láínìn bá ti ń jẹ, ti dípẹtà débi pé kò lè yí mọ́. Rọ́bà sílíńdà kékeré apá ọ̀tún ti gé, ọ́ìlì sì ti rin láínìn ibẹ̀ gbingbin. Bàbá fi ìka kàn án, ó gbé ìka náà sí ojú ọmọkùnrin yìí, ó ní: "Ohun tí o fẹ́ sọ nù yìí kò tíì ṣiṣẹ́ fún ọ lọ́jọ́ kan."

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí á tó bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra kankan, dúrọ́ọ̀mù tí ara rẹ̀ dá ni kí á fi wé dísìkì tí ara rẹ̀ dá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a ń fi dúrọ́ọ̀mù tí a kò ṣí fún ọdún mẹ́rin márùn-ún wé dísìkì tí ń dán gbinrin lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn. Ó lè tún dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe dáadáa. Ó lè wá ẹ̀yà ẹ̀yìn onídísìkì tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe fún irú ọkọ̀ kan náà tí ó lágbára jù ú lọ, kí ó sì gbé e wọlé lódidi. Ó sì lè ra kálípà (irin tí ń gbá dísìkì mú) àti dísìkì ọkọ̀ mìíràn, kí wẹ́dà gé irin tí yóò gbé wọn dúró. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà kìíní tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìkejì dára fún àwọn díẹ̀ tí iṣẹ́ ọkọ̀ wọn bèèrè fún un, ẹ̀kẹta sì ni kí á jìnnà sí.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń mú

Nínú dúrọ́ọ̀mù, bí a bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì yóò ti písítìn kékeré méjì síta láti inú sílíńdà, àwọn náà yóò sì ti láínìn méjì lọ ha ara inú dúrọ́ọ̀mù tí ó ń bá táyà yí. Nínú dísìkì, kálípà ni ó ń fi páàdì méjì gbá dísìkì mú láti ọ̀tún àti láti òsì, bí ẹni fi àtàǹpàkò àti ìka há etí àwo. Ìyàtọ̀ tí ojú kò tètè rí níbẹ̀ ni pé bí láínìn iwájú bá ti kan dúrọ́ọ̀mù báyìí, yíyí tí dúrọ́ọ̀mù ń yí yóò máa wọ́ láínìn náà mọ́ra sí i, tó fi jẹ́ pé bíréèkì náà ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, agbára ọ́ìlì díẹ̀ ti tó dúrọ́ọ̀mù. Dísìkì kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Agbára ọ́ìlì tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó fi ń mú, púpọ̀ ló sì ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ yìí dání, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà tí ń bá ìpààrọ̀ rìn ti ń ṣẹ̀ wá.

Àwọn kan gbà pé nǹkan àtijọ́ ni dúrọ́ọ̀mù, pé ẹni tí ojú rẹ̀ là kò yẹ kí ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1953 ni ọkọ̀ Jaguar C-type fi bíréèkì dísìkì gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, tí ayé sì rí i pé dísìkì kì í tètè rẹ̀wẹ̀sì lábẹ́ ooru. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Citroën fi dísìkì síwájú ọkọ̀ DS tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n Volkswagen ID.3, ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná tí ó dé ọjà ní ọdún 2020, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́tò iná rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń dín eré kù ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bíréèkì ẹ̀yìn kì í sábà rí iṣẹ́ ṣe, dísìkì tí kò sì rí iṣẹ́ ṣe a máa dípẹtà. Iṣẹ́ ni wọ́n wò tí wọ́n fi yàn án, wọn kò wo ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìdúró àti ooru

Táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Bíréèkì kàn ń dá táyà dúró ni. Bí bíréèkì ọkọ̀ rẹ bá ti lágbára tó láti mú kí táyà há gbọn-in lórí ọ̀dà gbígbẹ, tàbí tí ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há) bá ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, a jẹ́ pé ohun tí táyà lè fún ọ ni o ti gbà tán, kò sì sí dísìkì ẹ̀yìn kan tí yóò dín ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí kù ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí o tẹ̀ ẹ́. Táyà tí ó ti pá ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ pààrọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà níwájú bá ń dúró lójijì, imú rẹ̀ yóò tẹ̀ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò fúyẹ́, bíréèkì iwájú ni yóò sì ṣe nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn tí à ń náwó lé lórí yìí kò ṣe ju ìyókù lọ.

Ibi tí dísìkì ti borí ni ooru. Ọkọ̀ tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 1,200, bí ó bá dúró láti orí eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, yóò sọ agbára tí ó tó nǹkan bí kilojoule 460 di ooru. Bí ó bá jẹ́ 50 ni ó ń sá, kò ní ju nǹkan bí 115 lọ. Eré di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Dísìkì wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ooru rẹ̀ sì ń tètè lọ. Dúrọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò tí a dé lórí: ooru há sínú rẹ̀, irin rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ó sì ń sún kúrò lọ́dọ̀ láínìn, ẹsẹ̀ awakọ̀ á wá máa lọ jìn kí bíréèkì tó mú. Ta ni èyí kàn? Kò kan olùkọ́ tí ń ti Takié lọ sí LAUTECH ní àárọ̀ tí ó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ó sáré tó ohun tí dúrọ́ọ̀mù yóò fi gbóná. Ó kan ẹni tí ń kó àpò káṣú tàbí iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, tí tírélà ń ká mọ́ ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí ó sì ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà. Ó sì kan ẹni tí ọ̀nà máa ń gbé gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Èfọ̀n Alààyè pẹ̀lú èrò márùn-ún nínú ọkọ̀.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà tó ra dísìkì, ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ọ́ìlì tí a kọ DOT 3 sí lára, bí ó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí ooru yóò fi tó òṣùwọ̀n Celsius 205, DOT 4 títí yóò fi tó 230. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí ó bá sì ti fa omi tán, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155. Ọ́ìlì tí ó bá hó di atẹ́gùn, atẹ́gùn kò sì lè ti písítìn. Pẹ́dà á kàn wọlẹ̀ gbuurugbu ni. Pípààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì kò wọ́nwó. Mo tún rí àwọn tí ń bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí másítà, ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì jáde, nígbà tí ti bíréèkì bá tán lọ́nà. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni yóò wú, yálà dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò tàbí dísìkì.

Eruku àti ẹrẹ̀

Níhìn-ín, kò sí èyí tí ó borí pátápátá. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ọ̀nà abúlé máa ń lẹ̀ mọ́ dísìkì àti páàdì, òkúta wẹ́wẹ́ sì lè há sáàárín wọn kí ó máa fá ojú dísìkì. Dúrọ́ọ̀mù ní ìdérí. Nígbà òjò, dísìkì tí omi bá kàn yóò gbẹ bí a bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù tí ó bá mu omi nínú àgbàrá lè máa yọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹrẹ̀ tí ó bá sì wọ inú rẹ̀ kì í jáde títí a ó fi ṣí i. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fọganáísà fẹ́ eruku dúdú inú dúrọ́ọ̀mù. Láínìn àtijọ́ mìíràn ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì ń bàjẹ́. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló yẹ ẹ́.

Háńdíbíréèkì

Ibí yìí ni àwọn tí ń ta ìpààrọ̀ kì í sọ̀rọ̀ lé lórí, ibẹ̀ sì ni ó ti dun èmi fúnra mi. Golf 3 ni ọkọ̀ mi. Mo ra ẹ̀yà ẹ̀yìn GTI, irú Golf tí ó lágbára ju tèmi lọ, ní tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn, kálípà méjèèjì pé, dísìkì pé, irin tí ń gbé họ́ọ̀bù pé. Wáyà háńdíbíréèkì nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mi ṣe iṣẹ́ náà sọ pé wáyà ni wáyà ń jẹ́, ó sì fi wáyà dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ so mọ́ apá kálípà, bẹ́ẹ̀ gígùn rẹ̀ àti orí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí mo fa háńdíbíréèkì wò nínú ọgbà rẹ̀, ó mú. Ilẹ̀ títẹ́jú ni ọgbà rẹ̀ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ nítòsí Takié, mo fa háńdíbíréèkì, mo lọ ra káàdì. Nígbà tí mo yíjú padà, ọkọ̀ mi ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ó ní ẹni tí ó fẹ́ lọ kí. Gọ́tà ló gbà á. Ìyá ọlọ́sàn kan ti gbé igbá rẹ̀ sá kí n tó dé ibẹ̀, ohun tí ó sì sọ sí mi lójú gbogbo èrò ọjà kò ṣeé kọ sílẹ̀ tán. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó jàre.

Dúrọ́ọ̀mù kì í ní wàhálà yìí. Wáyà kan ń fa apá kékeré kan tí ń ya láínìn méjèèjì sọ́tọ̀, láínìn á sì fi ara há. Ó mú síwájú, ó mú sẹ́yìn, agbára ọwọ́ obìnrin arúgbó sì tó láti fà á. Ìdí nìyí tí irú dísìkì kan fi wà tí àwọn tí ó ṣe é fi dúrọ́ọ̀mù kékeré pamọ́ sáàárín rẹ̀ fún háńdíbíréèkì nìkan. Nínú àwọn ọkọ̀ kékeré, èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kálípà tí háńdíbíréèkì wà nínú rẹ̀: apá kan níta ń yí ohun kan bí ìdè nínú, ìdè náà sì ń ti písítìn. Ètò yìí dára bí ó bá ṣì ń yí geere. Bí eruku àti omi bá wọ inú rọ́bà apá ìta, yóò há: yálà kò ní mú mọ́, tàbí yóò mú kò sì ní jù ú sílẹ̀, páàdì yóò sì máa jóná lẹ́sẹ̀ ọ̀nà. Kálípà tòkunbọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ nínú ìsọ̀ fún oṣù pípẹ́ sábà máa ń ní àrùn yìí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ yí apá náà. Ó gbọ́dọ̀ lọ, kí ó sì padà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a bá fẹ́ fi páàdì tuntun sí irú kálípà yìí, yíyí ni à ń yí písítìn rẹ̀ wọlé. A kì í tẹ̀ ẹ́ bí ti iwájú. Ojú písítìn náà ní ihò tàbí ìlà tí irinṣẹ́ ń wọ̀ sí, púpọ̀ nínú wọn sì ń yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Mẹkáníìkì tí kò mọ èyí yóò fi irin tẹ̀ ẹ́ tipátipá, ìdè inú rẹ̀ yóò sì ṣẹ́. Bí o bá ń ronú àtipààrọ̀, bi mẹkáníìkì rẹ léèrè bí a ti ń dá písítìn ẹ̀yìn padà. Bí ó bá ní títẹ̀ ni, jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù rẹ wà níbi tí ó wà.

Iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí á mú dání ló dé yìí. Nínú ọkọ̀ tí ó ní dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn, fáàfù kan wà tí ń dín agbára ọ́ìlì tí ó ń lọ sẹ́yìn kù, yálà ó wà lára másítà tàbí nítòsí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ̀yìn má baà há ṣáájú iwájú. Dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Bí a bá yọ dúrọ́ọ̀mù tí a fi dísìkì sí i tí a kò sì fọwọ́ kan fáàfù yìí, dísìkì tí ń fẹ́ agbára púpọ̀ yóò máa gba èyí tí a ti bu kù, iṣẹ́ bíréèkì ẹ̀yìn yóò sì kéré sí ti dúrọ́ọ̀mù tí a sọ nù. Ẹni náà náwó, bíréèkì rẹ̀ sì dínkù. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń rìn kiri, àwọn tí ó ni wọ́n kò sì mọ̀, nítorí pé iwájú ń bo ẹ̀yìn láṣìírí.

Ìdàkejì rẹ̀ ló burú jù. Àwọn kan a yọ fáàfù náà kúrò pátápátá, tàbí kí wọ́n lo kálípà ńlá láti ara ọkọ̀ tí ó wúwo ju tiwọn lọ. Lórí ọ̀dà tí ó tutù, táyà ẹ̀yìn yóò há kí ti iwájú tó há, táyà tí ó bá sì ti há kò lè di ọ̀nà mú mọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí ọkọ̀ yóò fẹ́ ṣíwájú orí rẹ̀. Bí iwájú bá kọ́kọ́ há, ọkọ̀ yóò máa yọ̀ lọ tààrà, yíyí síárìn kò ní ran an, ṣùgbọ́n awakọ̀ ṣì lè gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, kò sábà sí àyè fún àtúnṣe.

Másítà náà ní ìpín tirẹ̀. Písítìn kálípà tóbi ju ti sílíńdà inú dúrọ́ọ̀mù lọ, ọ́ìlì tí yóò kún un pọ̀ sí i, másítà tí ó sì kéré lè mú kí pẹ́dà máa lọ jìn kí ó tó mú. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn, fáàfù kékeré kan wà nínú másítà tí ń dá agbára díẹ̀ dúró fún dúrọ́ọ̀mù kódà nígbà tí a kò tẹ bíréèkì. Bí irú rẹ̀ bá wà fún dísìkì, páàdì kò ní fi dísìkì sílẹ̀, yóò máa ha á lọ títí. Fún ọkọ̀ tí ó ní ABS, kálípà àti dísìkì nìkan kò tó: ohun tí ń ka yíyí táyà gbọ́dọ̀ bá họ́ọ̀bù tuntun mu, kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà sì mọ dúrọ́ọ̀mù ni, kò mọ dísìkì. Ọkọ̀ oní-ABS ni kí ẹ fi sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é, àyàfi bí gbogbo ètò náà bá ti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo wá.

Ọkọ̀ wo ni ó rọrùn fún

Golf 3 wà lára àwọn tí ó rọrùn jù, nítorí pé bóòtù mẹ́rin ni ó de irin tí ń gbé họ́ọ̀bù mọ́ ìdí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, irin GTI sì wọ ibẹ̀ láìsí wẹ́dà. Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ ni iye ihò: Golf lásán ní ihò rímù mẹ́rin, VR6, Golf tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, ní márùn-ún. Mo mọ ẹni tí ó gbé ẹ̀yìn VR6 dé ilé tí ó wá rí i pé rímù òun kò wọ̀ ọ́. Honda Civic àwọn ọdún 1990 náà rọrùn, nítorí pé apá ẹ̀yìn Acura Integra ìgbà náà wọ ọ́ lódidi pẹ̀lú kálípà rẹ̀. Fún Corolla ọdún 2003 sí 2008 tí ó kún ìgboro wa, XRS, irú Corolla tí ó lágbára jù tí Toyota tà ní Amẹ́ríkà ní 2005 àti 2006, ní dísìkì lẹ́yìn, Matrix XRS náà sì ní i, ṣùgbọ́n ẹ ó wá ẹ̀yà wọn títí kí ẹ tó rí i nínú tòkunbọ̀. Ní ti Nissan Micra àwọn onítakisí, ọkọ̀ náà fúyẹ́, eré ìgboro ni ó sì ń sá. N kò rí ìdí kan tí ènìyàn fi máa pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kí ẹ fi rímù wọn kálípà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé rímù onínṣì 13 lè máa ha á.

Ní ti irin tí wẹ́dà gé fúnra rẹ̀ láti gbé kálípà dúró, n kò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn. Gbogbo agbára ìdúró táyà ẹ̀yìn ni irin yẹn ń gbé. Bí ó bá ṣẹ́, kálípà yóò bá táyà yí.

Owó

Iye owó ń yí padà láti oṣù dé oṣù, nítorí náà ohun tí a ó rà ni kí á kà. Àtúnṣe dúrọ́ọ̀mù: láínìn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, sílíńdà kékeré méjì, sípíríǹgì, irin eléyín bí ìràwọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ bá ti dípẹtà, ọ́ìlì, àti owó fífá dúrọ́ọ̀mù lórí ẹ̀rọ léèdì bí ojú rẹ̀ kò bá dán. Kí ẹni tí yóò fá a ka ohun tí a kọ sára rẹ̀: dúrọ́ọ̀mù onímìlímítà 200 sábà máa ń ní òpin ní 201, bí ó bá sì ti kọjá òpin, tuntun ni kí á rà. Ìpààrọ̀ sí dísìkì: kálípà méjì, dísìkì méjì, páàdì, irin họ́ọ̀bù méjì, bẹ́rìn, họ́ọ̀sì rọ́bà méjì, wáyà háńdíbíréèkì méjì, fáàfù, bóyá másítà, ọ́ìlì, àti owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ìyàtọ̀ owó wọn sábà máa ń tó ra táyà mẹ́rin tí ó dára. Lẹ́yìn náà, láínìn ẹ̀yìn a máa pẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó tó jẹ tán. Páàdì ẹ̀yìn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ rẹ̀ yá, ojú sì ń rí i láìṣí nǹkan kan. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí jẹ́ oore tí dísìkì ní lóòótọ́, nítorí pé bíréèkì tí ojú ń rí ni à ń tọ́jú.

Èwo ni kí á mú, àti bí a ó ti dán an wò

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò kúrò láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, kí ó tún dúrọ́ọ̀mù ṣe, kí ó sì fi owó tí ó ṣẹ́ kù ra páàdì iwájú tí ó dára. Ẹni tí ń gbé ẹrù lọ sọ́nà jíjìn pẹ̀lú Golf tàbí Civic, tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ti kọjá òpin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ó sì rí ẹ̀yà ilé iṣẹ́ tí ó pé títí dé orí wáyà, kí ó pààrọ̀. Bí ohun kan bá kù nínú ẹ̀yà náà, kí ó dúró títí yóò fi rí i. Ọmọkùnrin oní-Corolla yẹn, àtúnṣe ni ó gbà níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n bílíìdì rẹ̀ tán, tí wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì jáde, pẹ́dà gòkè wá tó ìlàjì ibi tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́fà bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

Fún ẹni tí ó bá pààrọ̀, ibi gbalasa tí kò sí ènìyàn ni kí a ti dán ọkọ̀ wò, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ní eré tí kò ju kìlómítà 30 lọ. Kí ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lókèèrè kí ó máa wo táyà, kí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì kíkankíkan lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ kò bá ní ABS, táyà iwájú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há. Kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn méjì lẹ́yìn, kí wọ́n sì tún un ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí orí gẹ̀rẹ́, kí wọ́n fa háńdíbíréèkì, kí wọ́n yọ jíà, kí gbogbo wọn sì dúró wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú òkúta nítòsí táyà. Bí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, tàbí tí ọkọ̀ náà bá rìn ní ìka kan péré lórí gẹ̀rẹ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà, bí ó ti wù kí olówó ọkọ̀ máa kánjú tó.